Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún alágbádá nìkan

Ìyá wa tó béèrè ọ̀rọ̀, ẹ kú làálàá ọmọ títọ́. Ẹ ní ọmọkùnrin yín kì í gbójú kúrò lára fóònù bí àlejò bá wọlé, pé ó ń fèsì fún yín bí ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹbí sì ti ní kí ẹ jẹ́ kí pàṣán bá a sọ̀rọ̀.

Mo gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan sọ́dọ̀ ní Ìbàdàn níbí, ọmọ tó jẹ́ pé ẹgba ni wọ́n fi tọ́ ọ níbi tó ti ń bọ̀. Bí ọkùnrin tó wọ agbádá bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ yìí á ti na gbalaja, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà tó ń kiri ẹ̀kọ bá fẹ́ sọ igbá kalẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí ènìyàn. Ẹgba ti kọ́ ọ láti mọ ẹni tó lè na òun yàtọ̀ sí ẹni tí kò lè nà án. Èmi kò lè pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀.

Kíkí ni mo fi tún un tọ́, ìyẹn ni pé kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ dáadáa kí ó tó lanu. Bí a bá ń lọ sí ìsọ̀ aṣọ òkè mi ní ọjà Òjé, mo máa ń rọra bi í pé kí ni ìyá tó jókòó lọ́hùn-ún yẹn ń ṣe. Bó bá ń dirí, kí ó ní "ojú gbooro o". Bó bá pàtẹ, "ẹ kú ọjà". Bó bá gbé ìkókó jòjòló dání, "ẹ kú ewu ọmọ". Ó pẹ́ kí ó tó mọ́ ọn lára, ó sì máa ń fajú ro lọ́nà, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìyá ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ọmọ náà ti ń bá òun sọ igbá.

Bí ó bá ṣìwà hù lójú àlejò, ojú nìkan ni mo fi ń bá a wí. Ó di ìgbà tí àlejò bá lọ kí n tó pè é wọ yàrá. Ọmọ tí a dójú tì láàárín àwùjọ, ìtìjú rẹ̀ ni yóò máa rò, kò ní ráyè ro ohun tó ṣe.

Àwọn tó ń sọ pé òfin kò jẹ́ kí a tọ́ ọmọ mọ́ kò sọ ọ́ bó ṣe rí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kọ ìyà tó ń tàbùkù ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ ọ́ di ojúṣe ọmọ láti bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà nígbà gbogbo, ó sì di títọ́ ọmọ sọ́nà ru òbí.

Ní ti èsì tó ń fọ̀ sí yín, ẹ fetí sí bí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ṣe ń bá ọlọ́kadà àti ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibẹ̀ ni ó ti mú ohùn náà. Ẹ wá ibì kan nítòsí ilẹ̀kùn tí gbogbo ará ilé yóò máa gbé fóònù sí bí àlejò bá dé, kí bàbá náà má yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ti sọ fún ọmọ ṣáájú ẹni tó ń bọ̀ àti bí yóò ṣe kí i.