Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé a lè gba ilẹ̀ àwọn ṣọ́jà kọjá lọ pẹja lódò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ Ọ̀fà ni mí, àmọ́ Ìlọrin ni mo ń gbé. Ní Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń lọ fi ìwọ̀ pẹja lódò kan lẹ́yìn ìlú. A kì í tà á, ìgbádùn ara wa ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí a ń tọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ṣọ́jà ti ń dánra wò kọjá. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn dá wa padà, ó ní ilẹ̀ ìjọba ni. Àwọn bàbá wa ti ń pẹja níbẹ̀ kí báráàkì tó dé. Ǹjẹ́ a ò ní ẹ̀tọ́ láti kọjá?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, bàbá, ẹ sì kú ìfẹ̀yìntì. Ohun méjì tí òfin yà sọ́tọ̀ ni ìbéèrè yín so pọ̀: omi fúnra rẹ̀, àti ọ̀nà tí a ń gbà dé ibi omi.

Ní ti omi, òfin gbè yín. Òfin tó ń ṣàkóso omi ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1993, fi àkóso gbogbo odò tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, síbẹ̀ abala kejì rẹ̀ sọ gbangba pé ènìyàn lè lo omi fún ẹja pípa, níwọ̀n ìgbà tí ìlò náà kò bá ti tako òfin mìíràn tó wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni òfin ilẹ̀ àti òfin ààbò gbà wọlé. Kò sì sí ibì kankan nínú abala náà tí wọ́n ti sọ pé ẹni tó lè pẹja lè gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá dé etí odò.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti jogún púpọ̀ nínú òfin wa. Gbogbo ènìyàn ló lè pẹja nínú omi òkun tó ń kún tó ń fà létíkun wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn kò ṣí ọ̀nà gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ní Lulworth, ní ẹkùn Dorset, àwọn ológun ń yin ìbọn lórí ilẹ̀ tó gùn lọ sí etí òkun. Wọ́n máa ń ta àsíá pupa lọ́sàn-án, wọ́n á sì tan iná pupa lóru, bí ìbọn bá ń ró. Ní ọ̀pọ̀ ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n á ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ fún aráàlú. Ó wù mí gidigidi kí irú ètò bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí kì í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ológun, kì í sì í fi ẹnikẹ́ni sínú ewu.

Ní ti ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ ta ni. Òfin Ìlò Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, abala rẹ̀ kọkàndínláàádọ́ta sì fi ilẹ̀ èyíkéyìí tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀ fún un. Bí ilẹ̀ tí ẹ ń sọ bá wà lára irú èyí, tàbí tí ìjọba gbà á lẹ́yìn náà fún ìlò àwọn ológun, pé àwọn bàbá yín ti ń pẹja níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó láti ṣí ọ̀nà náà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti gbọ́. Ẹbí tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè bèèrè owó gbà-má-bínú fún ohun tó ní lórí rẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà ẹsẹ̀ yín má wọ inú ilẹ̀ wọn rárá. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa láti ojú ọ̀nà títì, bóyá ẹ ó rí àwọn òpó símẹ́ńtì kúkurú tí àwọn awọnlẹ̀ rì mọ́ ààlà, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí. Kí ẹ má ṣe wọlé lọ wá wọn. Ẹ lè bèèrè ní ọ́fíìsì KW-GIS tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Kwara, kí awọnlẹ̀ tó níwèé sì bá yín wo ààlà lórí máàpù. Lójú tèmi, bí ilẹ̀ ológun bá wà ní bèbè méjèèjì, ẹ má rò pé rírìn lórí yanrìn inú odò nígbà ẹ̀rùn mú yín jáde kúrò nínú rẹ̀.

Lóòótọ́, abala kọkànlélógójì ìwé òfin 1999 fún wa lómìnira láti rìn káàkiri, ṣùgbọ́n abala karùndínláàádọ́ta gbà kí òfin dín in kù nítorí ààbò ìlú. Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 jẹ́ ọ̀kan. Ó ka ibùdó ológun sí ibi tí a dáàbò bò, ó sì kan ẹni tó bá wọ ibẹ̀, tó rìn sún mọ́ ọn, tàbí tó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú èrò láti ṣe ààbò Nàìjíríà níbi. Ẹ̀yin kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀, àmọ́ ṣọ́jà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò rí inú yín. Ẹ wo bí apẹja ṣe máa ń ṣe: ó fa ẹja gidi jáde, ó gbé e sókè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ya á ní fọ́tò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Bí ilé ẹ̀ṣọ́ àti ọkọ̀ ológun bá hàn lẹ́yìn ẹja náà, wàhálà dé. Ẹ fi fóònù sápò títí ẹ ó fi kúrò ládùúgbò náà.

Bí wọ́n bá tún dá yín padà, ẹ padà, ẹ má jiyàn. Bí wọ́n bá mú yín, ìwé òfin ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ fún yín kí wákàtí 24 tó pé, ní èdè tí ẹ gbọ́, kí wọ́n sì gbé yín dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, bó ṣe rí ní Ìlọrin.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù lọ kì í ṣe òfin. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ohun ìjà dánra wò lè ní èyí tí kò bú nígbà tí wọ́n yìn ín. Ó lè bọ́ sínú ẹrẹ̀, ìpáàrà á bò ó, àgbàrá òjò á gbá a lọ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀; ìwọ̀ lè kọ́ ọ, ọmọdé sì lè rò pé irin lásán ni. Ẹ rántí ohun tí ilé ìkó-ohun-ìjà ní báráàkì Ìkẹjà ṣe ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002. Bí ẹ bá rí irin tí kò yé yín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sọ òkúta lù ú, ẹ tọ ipasẹ̀ yín padà, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà báráàkì náà. Láti ọdún 2010 ni iléeṣẹ́ ológun ilẹ̀ ti ní ẹ̀ka tó ń rí sí àjọṣe wọn pẹ̀lú aráàlú, ẹ darí ẹ̀dà kan síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Mágàjí àdúgbò yín fọwọ́ sí i, nítorí lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá máa ń ní ìwọ̀n ju ti ènìyàn mẹ́ta lọ. Ẹ kọ orúkọ yín, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa ń lọ, ẹ sì fi àwòrán ọ̀nà tí ẹ fẹ́ tọ̀, tí ẹ fọwọ́ yà sórí ìwé, mọ́ ọn. Ẹ má ṣe fi ẹ̀tọ́ bèèrè ọ̀nà. Ẹ bèèrè fún àṣẹ àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì sọ àwọn ọjọ́ ìdánrawò fún Mágàjí ṣáájú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bèèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà ní apá òdìkejì odò, kí ẹ sì lọ bá baálẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó gbé ìwọ̀ yín lọ.