Èsì: Ọmọ ọdún 11 àti ọrun fún àgbọ̀nrín

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ bá yín fi ọrun dẹ àgbọ̀nrín ní Georgia, ẹ sì fẹ́ ra ọrun 40 páùn (ìyẹn agbára tí èèyàn máa fi fà á) fún un. Ẹ ṣì dúró ná. Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí àga, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, kó fa ọsán (okùn ọrun). Bó bá ń na ọrun sókè ọ̀run kó tó fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọrun yẹn ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ ra èyí tí agbára rẹ̀ ṣeé yí sókè díẹ̀díẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti bíi 20 páùn. (Ẹ wò ó bóyá òfin ìpínlẹ̀ yín ní iye páùn tí kò gbọ́dọ̀ dín sí kó tó wọgbó.)

Kó má tú ọsán sílẹ̀ láìsí ọfà láé. Agbára tí ọfà ì bá gbé lọ á padà sára ọrun, ó sì lè fọ́ ọ.

Yáàdì 10 ni kó ti máa ta. Ìgbà tí ọfà 5 bá ń wọnú àwo ìjẹun kan ni kó tó sún sẹ́yìn. Yáàdì 20 ti tó o.

Nínú igbó, ẹ lúgọ nílẹ̀, ẹ má gbé ọmọ gun igi. Kó dúró kí ẹran fi ẹ̀gbẹ́ hàn, kó ta á sẹ́yìn èjìká. Bó bá dojú kọ yín, kó má ta.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọfà. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń hó, ẹ̀dọ̀fóóró ni: ẹ dúró ní 30 ìṣẹ́jú. Bó bá ń rùn bí ìgbẹ́, ìfun ló bà: ó kéré tán, wákàtí 8. Ẹni tó bá kánjú tọpa, ẹran á tún dìde sá mọ́ ọn lọ́wọ́.