Kí Ló Dé Tí Àlejò Kì Í Tẹ Igi Ẹnu-Ọ̀nà ní Mòǹgólíà?

Ẹnì kan tó ń múra àtilọ sí Mòǹgólíà, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí: "Gbogbo ibi tí mo kà á sí ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé bí mo bá dé ilé àwọn darandaran ibẹ̀, n kò gbọdọ̀ tẹ igi tó wà nísàlẹ̀ ẹnu-ọ̀nà, ńṣe ni kí n gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Ṣé èèwọ̀ ẹ̀sìn ni, àbí ọ̀rọ̀ ìwà lásán? Bí ẹsẹ̀ mi bá sì ṣèèṣì kàn án ńkọ́?"

Èèwọ̀ ni, ìwà sì ni. Àmọ́ bí ẹ bá ń rò pé ẹ̀sìn Búdà tó gbilẹ̀ níbẹ̀ ló mú un wá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ẹ̀sìn náà tó ràn dáadáa láàárín àwọn ará Mòǹgólíà, bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò láti ilẹ̀ Yúróòpù ti bá òfin igi ẹnu-ọ̀nà yìí nílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ni Giovanni da Pian del Carpine, àlùfáà tí Póòpù Innocent kẹrin rán lọ ní 1245. Ó kọ ọ́ pé ẹni tó bá tẹ igi ẹnu-ọ̀nà àgọ́ ìjòyè kan, pípa ni wọ́n ń pa á. Ìtàn tó wọni lára jù ni ti William ti Rubruck, ẹni tó mú lẹ́tà ọba Faransé, Louis kẹsàn-án, dání lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1254, òun àti ẹnì kejì rẹ̀, Bartholomew ará Cremona, wà ní ààfin Möngke, ọba àwọn ará Mòǹgólíà, ọmọ ọmọ Genghis Khan tó dá ìjọba wọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jáde níbi tí ọba wà, Bartholomew yíjú padà láti tẹríba fún kábíyèsí. Ibi tó ti ń sáré padà tẹ̀ lé William ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ igi ẹnu-ọ̀nà. Kíá ni àwọn ẹ̀ṣọ́ gbá a mú. Nígbà tí wọ́n wá wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìbéèrè tí adájọ́ bi William ni pé ṣé ẹnikẹ́ni ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. William ní àwọn kò ní ògbufọ̀ lọ́dọ̀, báwo làwọn ṣe fẹ́ mọ̀? Wọ́n dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn kò gba Bartholomew láàyè mọ́ láti wọ ilé ọba kankan.

Ẹ wo ìbéèrè adájọ́ yẹn dáadáa. Òfin le lóòótọ́, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé àlejò kò lè mọ ohun tí wọn kò sọ fún un. Bákan náà ni Marco Polo, oníṣòwò ará Venice, ròyìn pé ní ààfin Kublai Khan, àbúrò Möngke tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, àwọn géńdé méjì máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa tẹ igi náà bó ṣe ń wọlé. Ó fi kún un pé tí àpèjẹ bá parí tí àwọn èèyàn ń jáde, wọn kì í le mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀, torí ọtí ti ń pa àwọn mìíràn. (Inú mi máa ń dùn sí ibi tí wọ́n ti gba ti ọ̀mùtí rò yìí.)

Ìdí rẹ̀ wá ńkọ́? Ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn onílé níbẹ̀ ni pé ẹni tó tẹ igi yẹn, ọrùn baálé ilé ló tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á ní oríire ilé ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ èmi rò pé ó dìgbà tí èèyàn bá mọ bí ilé náà ṣe rí àti ibi tó wà kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé e.

Ger ni wọ́n ń pe ilé ọ̀hún. Róbótó ló rí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ra bí àwọ̀n ni ògiri rẹ̀, irun àgùntàn tí wọ́n lù títí tó fi nípọn bí aṣọ ni wọ́n sì fi ń bò ó yíká. Láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n ti tú u, wọ́n ti dì í, wọ́n ti gbéra lọ sí ibi tí koríko tuntun wà. Ní 2013, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ mọ́ àwọn àjogúnbá tí ó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú. Nínú ilé tó rọ̀ báyìí, férémù ilẹ̀kùn wà lára àwọn ohun tó le jù: ara rẹ̀ ni wọ́n ń so orí ògiri méjèèjì mọ́. Kò sí ọgbà, kò sí géètì. Igi kékeré ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló pààlà láàárín ilé àti gbogbo ayé tó kù.

Gbogbo ayé tó kù yẹn kò sì kéré. Ilẹ̀ Mòǹgólíà lé ní mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà níbùú lóròó, àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 lọ, ìlú kan ṣoṣo, Ulaanbaatar, ló sì gbé nǹkan bí ìdajì wọn mì. Ní pápá, èèyàn lè rìn títí kó má rí ju ger kan lọ. Òtútù ibẹ̀ lè dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo. Tí òtútù ọdún kan bá wá le kọjá ààlà tí ẹran kò rí koríko jẹ, wọ́n ń pè é ní dzud. Èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín 2023 sí 2024 pa ẹran ọ̀sìn tó ju mílíọ̀nù 7 lọ. Níbi tó rí báyìí, ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú sí lójú ọ̀nà kò ní ibòmíràn tó lè yà sí ju ilé àkọ́kọ́ tó bá rí. Onílé kò gbọdọ̀ lé e, torí lọ́la, òun náà lè di àlejò.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ìdáhùn wà. Ilẹ̀kùn tó ṣí fún ẹnikẹ́ni, àfi kí òfin wà fún ẹni tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Onílé kò mọ̀ ọ́ rí, kò mọ ohun tó gbé e wá. Bí àlejò ṣe rọra gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí igi yẹn ló fi ń sọ pé òun mọ̀ pé ilé onílé nìyí, àlàáfíà lòun sì bá wá. Kì í dúró lórí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í fi ẹsẹ̀ kan sínú kí èkejì wà níta. Kó wọlé, tàbí kó wà níta.

Bí ẹ bá wá débẹ̀, ẹ má kan ilẹ̀kùn. Láti òkèèrè ni àlejò ti ń ké pé "Nokhoi khor!", ìyẹn ni pé kí wọ́n mú ajá mọ́lẹ̀. Kódà níbi tí kò bá sí ajá, wọ́n ṣì máa ń sọ ọ́, bí ẹni ń kàgò. Ilẹ̀kùn kò ga, torí náà ẹ máa tẹrí ba díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kọjá. Orí ni ọ̀pọ̀ àlejò sì máa ń fi gbá férémù nígbà tí wọ́n bá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ jù. Gúúsù ni ilẹ̀kùn máa ń kọjú sí. Ọwọ́ òsì yín, tí í ṣe ìwọ̀-oòrùn, ni apá ọkùnrin àti ti àlejò, ibẹ̀ ni gàárì ẹṣin máa ń wà. Apá ọ̀tún ni ti obìnrin àti ohun èlò oúnjẹ. Ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, lápá àríwá, ni àyè àgbà àti ibi tí wọ́n ń gbé ohun ọ̀wọ̀ sí. Ẹ má lọ jókòó síbẹ̀ àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ wá. Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni kí ẹ máa rìn nínú ilé, ẹ má sì gba àárín òpó méjì tó wà láàárín kọjá. Iná ààrò, ọ̀wọ̀ rẹ̀ tún ga ju ti ẹnu-ọ̀nà lọ: ẹ má ju ìdọ̀tí sí i, ẹ má sì na àtẹ́lẹsẹ̀ sí i.

Wọ́n á gbé tíì olómi wàrà tó ní iyọ̀ nínú fún yín kí wọ́n tó bi yín ní ohunkóhun. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gbà á, kí ẹ fi tòsì gbé ìgúnpá ọ̀tún ró. Bí kò bá tilẹ̀ bá yín lára mu, ẹ tọ́ ọ wò. Bàbá àgbà ilé lè fi ìgò aáṣà rẹ̀ lọ̀ yín: ẹni tí kì í fín aáṣà á gbà á, á gbé e sí imú, á dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹsẹ̀ yín bá wá ṣèèṣì kan igi ẹnu-ọ̀nà lónìí, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó máa gbá yín mú. Onílé lè ṣe bí ẹni tí kò rí i, tàbí kí ọmọdé kan rẹ́rìn-ín. Ẹ tọrọ àforíjì, ẹ wọlé. Èyí tí wọn kò ní gbójú fò ni pé kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ nínú ilé kí ẹ sì máa lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ na ọwọ́ sí ẹni náà kí ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Tó bá ti gbà á, kò sí ìjà láàárín yín mọ́.