Ìbéèrè Yín Lórí Ìlera: Ṣé Ọsibítù Lè Dá Aláìsàn Dúró Nítorí Owó?

Ìbéèrè: Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ìyàwó ọmọ mi ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. A ti san ju ìdajì owó lọ. Láti Àlàmísì ni dókítà ti ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyá àti ọmọ ò ní jáde àfi tí a bá san ìyókù. Ṣé wọ́n láṣẹ bẹ́ẹ̀? — *Ìyá ọkọ, Ọ̀ffà*

Ìdáhùn: Wọn ò láṣẹ, mà. Ẹ jẹ gbèsè, ẹ sì máa san án, ṣùgbọ́n ayé ìwọ̀fà ti kọjá. Apá 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 to àwọn ìdí tí wọ́n fi lè gba òmìnira lọ́wọ́ ènìyàn, owó ọsibítù ò sí nínú wọn. Ilé ẹjọ́ ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó ń gbà lọ.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, ẹ béèrè bíìlì tí wọ́n tú palẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀: iṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, oògùn, omi tí wọ́n fà, bẹ́ẹ̀dì, ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kó rìsíìtì yín jáde kí ẹ fi wé e. Oògùn tí ẹ fọwọ́ ara yín rà ní kẹ́mísì lè tún wà nínú bíìlì. Wọ́n lè ka odindi páálí ìbọ̀wọ́ sí yín lọ́rùn nígbà tó jẹ́ ẹyọ díẹ̀ ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n owó bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Láti ìgbà tí dókítà ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé kó máa lọ, àìsàn kọ́ ló dá a dúró mọ́, àwọn ni. Bí ẹ bá dákẹ́, òru kọ̀ọ̀kan á máa gun orí gbèsè, ẹ ó máa wá owó, owó á máa sá fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fi owó bẹ́ẹ̀dì mọ sí Àlàmísì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé àdéhùn ní ẹ̀dà méjì: iye tó kù, iye tí ẹ máa san lóṣù, ọjọ́ tí yóò parí, àti onídùúró kan tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má ṣèlérí ju agbára lọ. Ká ní 120,000 náírà ló kù: 20,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, tí ẹ san pé, sàn ju ìlérí 60,000 tí ẹ yẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́. Ẹ má fi ìwé ẹ̀rí iléèwé tàbí fóònù dógò. Bí ẹbí tàbí ẹgbẹ́ tó ń pín sàká bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kí wọ́n san án tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn, kí rìsíìtì sì jáde lórúkọ aláìsàn.

Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà lọ sí iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin, kí ẹ sì fẹjọ́ sùn FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tó jáde lọ́dún 2018 sọ pé owó kò gbọdọ̀ fara sin fún aláìsàn. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lágbára àtigba lọ́yà.

Ìbéèrè: Gbogbo ìgbà tí ara wa bá ti ń gbóná, “màlárià àti taífọ́ìdì” ni kílíníìkì àdúgbò wa máa ń pè é. Wọ́n á fa omi sí wa lára, wọ́n á gún abẹ́rẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó pọn dandan? — *Gàǹbàrí, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Àyẹ̀wò màlárià tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí ó bá jẹ́ màlárià lásán, tí àgbàlagbà ń jẹun, tí kò bì, oògùn oníhóró ló máa lò, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Oògùn màlárià náà ni artemether-lumefantrine; nọ́ńbà ara páálí rẹ̀ ni mílígíráàmù oògùn méjèèjì tó wà nínú hóró kan. Ti 20/120: hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn 24. Ti 80/480 jẹ́ hóró kan lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́fà péré. Oògùn inú méjèèjì dọ́gba, nítorí náà ẹ béèrè èyí tó dínwó. Ẹ jẹ oúnjẹ tó ní òróró díẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Taífọ́ìdì ni owó ti ń ṣòfò jù. Àyẹ̀wò Widal ń wá àmì pé ara ti bá kòkòrò jà rí, àmì yẹn sì lè wà níbẹ̀ láti àìsàn àtijọ́. Widal ẹyọ kan ò fìdí taífọ́ìdì múlẹ̀. Blood culture, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ló ṣeé gbára lé. Ó gbówó lórí jù ú lọ, èsì rẹ̀ sì ń gba ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé antibiotic (oògùn apakòkòrò) mì.

Ní ti omi fífà: báàgì 500 ml tó jẹ́ dextrose 5% ní gíráàmù 25 ṣúgà nínú, bíi kúbù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹni tó lè mu kókó kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń bì láìdúró, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí omi ti tán lára rẹ̀, nílò omi gidi. Bí gìrì bá sì wọ̀ ọ́, tàbí kò mọ ibi tó wà, màlárià tó le ni kí ẹ fura sí. Abẹ́rẹ́ artesunate ni tirẹ̀, ẹ má jiyàn owó nígbà yẹn.

Kí ẹ tó sanwó àyẹ̀wò kankan, ẹ bi wọ́n pé: “Bí èsì bá jáde, kí lẹ máa ṣe yàtọ̀?” Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ lè fi owó náà ra oògùn. Bí wọ́n bá ní lábù kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ lọ, ẹ béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ibẹ̀ ló dára jù. Ó sì lè jẹ́ pé kílíníìkì àti lábù ń pín owó yín láàárín ara wọn. Òfin ìwà àwọn dókítà ò gba pípín owó láàyè.

Ìbéèrè: Mo ní kílíníìkì kékeré kan. Owó dísù jẹnẹrétọ̀ ń pa wá, àwọn mìíràn sì ń sá lọ láìsanwó. Ṣé ó burú tí a bá ń gba owó àsansílẹ̀? — *Òmù-Àrán*

Ìdáhùn: Fún iṣẹ́ abẹ tí ẹ ti dájọ́ sí, kò burú, ẹ fún wọn ní rìsíìtì. Fún pàjáwìrì, ẹ má ṣe é. Apá 20 nínú òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 ní ẹni tó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì lè san ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin 2017 fi kún un pé ẹni tí ìbọn bà ò nílò ìwé ọlọ́pàá kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ fún un ní atẹ́gùn ọ́síjìn, ẹ kọ̀wé, kí ẹ tó ní kó lọ sí ibi tó jù yín lọ. Bíìlì yín ṣì wà níbẹ̀.

Èrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí owó oṣù nọ́ọ̀sì tàbí dókítà máa ga sí i bí àyẹ̀wò tó ní kí wọ́n ṣe bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ lẹ iye owó mọ́ ògiri. Ẹ sì gbìyànjú láti wọ ètò adójútòfò ìlera Kwara. Kwara ti mọ irú ètò yìí tipẹ́: wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní Shonga lọ́dún 2007, ó sì dé Afọn lẹ́yìn náà. Nínú ètò náà, owó ìtọ́jú kékeré ń wọlé bí iye kan pàtó lórí oníkáàdì kọ̀ọ̀kan lóṣù, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣe. Tí a bá ń sanwó fún ohun kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ máa ń yá sí àṣejù. Tó bá jẹ́ iye kan pàtó lóṣù, ó ń yá sí kí a má ṣe tó. Ẹ ṣọ́ra fún méjèèjì. Kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ, ẹ gba nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ ètò náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì lójú ẹsẹ̀: níbi tí nọ́ńbà bá ti sọnù ni wọ́n ti ń kọ̀ láti san owó yín.