Sitiárín Patrol mi ń gbọ̀n tí mo bá ti kọjá 80, kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kúuṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ Kétu ni mí, Nissan Patrol GR ti 1993 ni mò ń lò, oko ni mo sábà máa ń gbé e lọ. Tí mo bá ń sá 80 sísàlẹ̀ kò sí wàhálà, àmọ́ tó bá ti di 85 sitiárín á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, tó bá di 95 ó máa ń le débi pé ìyàwó mi á ní kí n dúró, tí mo bá wá fún un lọ dé 110 ó tún máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ti ṣe parallélisme (títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó dúró gún) lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ní amortisseur de direction (ṣọ́kì sitiárín) ló kú, pé kí n lọ ra tuntun ní Kútọnu. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo ṣì lè máa gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira ọkọ̀ o. Ẹ má tíì ra amortisseur kankan. Mi ò sọ pé tiyín ò lè ti kú, ọkọ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ṣeé ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa gba ìgbọ̀n mọ́ra, òun kọ́ ló ń dá ìgbọ̀n sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi tuntun sí i, ó lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń gbọn ọkọ̀ gan-an ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ rotule (oríkèé ọ̀pá sitiárín) àti bẹ́rìn lọ lábẹ́lẹ̀, ìgbà tó bá fi máa padà dé, owó mìíràn ti wọ̀ ọ́.

Parallélisme náà, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò dúró gún á mú kí ọkọ̀ máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó máa jẹ táyà lápá kan, kì í mú sitiárín gbọ̀n ní iyara kan pàtó. Ibi tó fi lè kàn án ni tó bá ti jẹ táyà fún ìgbà pípẹ́ tí ojú táyà ti di págunpàgun, ṣùgbọ́n nígbà yẹn táyà ló ń gbọ̀n, ẹ lè ṣe parallélisme lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní gbọ́.

Ohun tẹ́ ẹ sọ tó mú mi fetí sílẹ̀ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ ní 85, ó le ní 95, ó rọlẹ̀ ní 110. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní 265/75 R16 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, táyà yẹn ga tó sẹ̀ǹtímítà 80, tó bá yípo lẹ́ẹ̀kan ó ti rin bíi mítà 2.5. Ní 90 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń rin mítà 25 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn ni pé táyà ń yípo nígbà 10 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tí ibì kan lára ẹ̀ bá wúwo ju ibòmíì lọ, á máa lu iwájú ọkọ̀ nígbà 10 ní sẹ́kọ́ńdì kan nìyẹn. Iwájú ọkọ̀ yín náà, tòun ti àkísù gbọọrọ àti sípíríǹgì ẹ̀, ní iye ìgbà tó máa ń mì tí nǹkan bá ti bá a mọ́ ọn. Bí ẹni ń ti ọmọdé lórí jangilófà ni, tẹ́ ẹ bá ń tì í lásìkò tó bọ́ sí i, ẹ ò nílò agbára kankan kó tó máa lọ sókè. Tí ìlù táyà àti mímì iwájú ọkọ̀ bá ti bọ́ sí ara wọn, ní 95 yẹn, gbogbo ẹ̀ á le. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀ wọn ò bára mu mọ́, ó rọlẹ̀. Kì í ṣe pé ó sàn o! Ipá tí ibi tó wúwo yẹn fi ń fa ọkọ̀ ṣì ń pọ̀ sí i, tí iyara bá di ìlọ́po méjì, ipá yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣáà máa sáré kọjá ibẹ̀ kẹ́ ẹ lè gbádùn ọkọ̀ yín, ẹ má dá wọn lóhùn jàre.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀ kùtù nígbà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ò tíì pọ̀ lọ́nà Pobè, kẹ́ ẹ wá ibi tí kò sí kòtò. Tó bá ti ń gbọ̀n, ẹ fi gíà sí point mort (neutral) kó máa yọ́ lọ fúnra ẹ̀, ẹ má pa ẹ́ńjìnì o, torí sitiárín á le bíríkítí, bíréèkì náà á sì le. Tó bá ṣì ń gbọ̀n bó ṣe ń yọ́ lọ, ẹ́ńjìnì ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísìkì bíréèkì ló ti wọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn. Ẹ tún fi ara gbọ́ ibi tó ti ń wá: èyí tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, èyí tó ń gbọ̀n nídìí àga àti nílẹ̀ tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tàbí ọ̀pá transmission, ìyẹn ọ̀pá gbọọrọ tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yin ní ọwọ́ ni, nítorí náà èmi ń fura sí táyà iwájú àti jante ẹ̀ (ríìmù tí táyà wọ̀), ibẹ̀ ni màá sì dúró sí jù nínú ìdáhùn yìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ná yín ní fráǹkì kan. Ẹ̀yin ará Kétu mọ bí ilẹ̀ pupa yẹn ṣe ń rí lásìkò òjò, tẹ́ ẹ bá ti wọ oko lẹ́ẹ̀kan ẹrẹ̀ á ti kún inú jante lọ́hùn-ún, lápá inú tí ojú ò tó, tí oòrùn bá sì pa á fún ọjọ́ méjì á gbẹ mọ́ ọn. Wọ́n á fọ ọkọ̀ náà kó máa dán, kò sẹ́ni tó máa wo ibẹ̀. Òjé kéékèèké tí wọ́n ń kàn mọ́ jante láti mú kó wúwo dọ́gba, giramu mélòó kan ni, ẹrẹ̀ ẹ̀kún ọwọ́ kan ti ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ fi igi yọ ọ́, ẹ wá fi omi fọ inú ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó tún gbé ọkọ̀ jáde. Mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ omi nìkan ló wò ó sàn, olówó ẹ̀ ò fẹ́ gbà.

Bẹ́ ẹ bá ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá òjé kan ti já bọ́, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ máa ń mọ́ ju àyíká ẹ̀ lọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yíká, lójú àti létí méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá kan ibi tó wú, tàbí tí ojú táyà bá rìn wọ́gọwọ̀gọ, wáyà inú ẹ̀ ti ń ya kúrò lára rọ́bà nìyẹn, kò sí équilibrage (fífi òjé mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ wúwo dọ́gba) tó lè ṣe é, táyà yẹn lè bẹ́ nígbàkígbà, ẹ má wulẹ̀ gbé e kúrò nílé bí kò ṣe pé ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí ẹ̀ náà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT létí táyà ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin, bíi 2316, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Táyà occasion (àlòkù) tó ń wọlé láti Yúróòpù, eyín ẹ̀ á ṣì ga dáadáa, wọ́n á ti fi nǹkan dúdú kùn ún kó máa dán, ẹni tó ń rà á á ní ó ṣì tuntun, kó tó wo nọ́ńbà, táyà ti dàgbà ju ọmọ ẹ̀ tó ń lọ sí collège lọ. Èmi kì í fi táyà tó ti lé ní ọdún 10 síwájú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pé eyín ẹ̀ ga tó ọwọ́.

Tí ojú ò bá rí nǹkan kan, ẹ kó táyà méjèèjì iwájú sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kó tẹ̀yìn síwájú, ẹ tún gba ọ̀nà kan náà. Tí ìgbọ̀n bá kúrò lọ́wọ́ yín tó lọ sídìí àga, ẹ ti mú olè, ó wà nínú méjì yẹn. Tí kò bá yí padà rárá, kì í ṣe táyà, kì í ṣe jante, nǹkan tí wọ́n wọ̀ mọ́ ni. Àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ràn jù, wákàtí kan ni, owó ẹ̀ ò sì ju ti jáàkì tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀.

Jante náà lè ti wọ́, kòtò ọ̀nà wa ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ẹ fi òkúta há ẹ̀yìn, ẹ gún igi kan sílẹ̀ kí orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí jante, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yí i. Tí àyè tó wà láàárín igi àti jante bá ń fẹ̀ tó ń dín, tó sì kọjá bíi mílímítà 2, jante ti wọ́. Ẹ gbé igi náà lọ síbi ojú táyà, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, torí táyà lè má rí róbótó kó jẹ́ pé jante ò ní nǹkan kan ṣe.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá gbé e lọ sí équilibrage, ẹ dúró tì wọ́n o. Ihò àárín jante irú ọkọ̀ yìí tóbi, tí kónù tí wọ́n fi dè é mọ́ ẹ̀rọ bá kéré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ò ní dúró sí àárín, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá sọ irọ́ ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé tí wọ́n bá ti fi òjé sí i tó ti di òdo, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú u, kí wọ́n yí i ní ìlàjì, kí wọ́n tún dè é kí ẹ̀rọ sì tún yí i wò. Tí òdo bá ṣì wà, ó dáa. Tó bá sọ nọ́ńbà mìíràn, wọn ò dè é dáadáa, ìgbọ̀n yín máa bá yín padà dé ilé. Wọ́n lè bínú díẹ̀, ẹ fún wọn ní owó omi. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà sára ọkọ̀, ẹ ha ìpẹtà tó wà lójú họ́ọ̀bù kúrò, ẹ wò ó pé nọ́ọ̀tì bá ihò jante mu, torí ti jante irin àti ti jante alumíníọ̀mù lè yàtọ̀, ẹ má sì dè wọ́n tẹ̀ léra wọn yíká, ẹ máa dè é lọ́dìkejì-lọ́dìkejì. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 100 ẹ tún fi sípánà kàn wọ́n.

Ká ní táyà ò jẹ̀bi wàyí. Ẹ gbé iwájú sókè, ẹ fi igi tàbí chandelle (irin tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ dúró) há a, jáàkì nìkan ò tó ohun téèyàn ń wọ abẹ́ ẹ̀. Ẹ di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ tì, ẹ fà. Tó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì kẹ́ ẹ tún dán an wò: tí mímì yẹn bá dáwọ́ dúró, bẹ́rìn ẹsẹ̀ ni, ó lè má ju kí wọ́n fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ mọ́ra kí wọ́n sì fi gíríìsì tuntun sí i, tó bá ṣì ń mì pẹ̀lú bíréèkì lẹ́sẹ̀, roulement de pivot ni, ìyẹn bẹ́rìn kéékèèké tí gbogbo ẹsẹ̀ fi ń yà sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, ibẹ̀ ni rotule máa ń sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọmọ kan máa yí sitiárín díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kẹ́ ẹ sì máa wo barre Panhard, ọ̀pá tó dè àkísù mọ́ ara ọkọ̀ ní ìbú. Orí ọ̀pá yẹn kò gbọ́dọ̀ rìn nínú rọ́bà ẹ̀. Wọ́n ń gbàgbé ẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ kò wọ́n.

Mo béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹ wọ kòtò ní 60 tàbí 70, tí gbogbo iwájú ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà sọ́tùn-ún sósì tí kò sì dúró àfi ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró? Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ kọ, ó sì burú jù ú lọ, ọkọ̀ tí àkísù iwájú ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan gbọọrọ ló máa ń ṣe é, rọ́bà Panhard, rotule àti pivot tó ti tú ló sì sábà máa ń fà á. Tó bá ṣe é fún yín lọ́nà, ẹ má tẹ bíréèkì gbà, ẹ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ di sitiárín mú, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sì gbé e lọ jìnnà títí ẹ ó fi tún un ṣe. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ kọ nìkan, tí táyà ò wú tí nǹkan kan ò sì tú, ẹ lè gbé e wá sí Àjàṣẹ́, ẹ má ṣáà kọjá 75.

Ó ku ọ̀pá transmission. Òun ń yípo tó ìlọ́po mẹ́rin ẹsẹ̀ ọkọ̀, ìgbà 40 ní sẹ́kọ́ńdì kan ní 90 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìgbọ̀n tirẹ̀ kéré ó sì yára, ẹ máa gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ àti lọ́wọ́ gíà ju lọ́wọ́ sitiárín lọ, bí ìgbà tí nǹkan ń kùn. Tó bá jọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo àárín họ́ọ̀bù iwájú yín, bóyá LOCK (tẹ́ ẹ fi ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) ló wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jáde lóko kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ọ̀pá iwájú á wá máa yípo lọ ní gbogbo ọ̀nà láìsí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ yí méjèèjì sí FREE, ẹ tún gbé e jáde ní 4x2. Tí ìgbọ̀n bá lọ, croisillon ọ̀pá iwájú (oríkèé ẹ̀ tó rí bí àgbélébùú) ni kí mẹkáníìkì lọ wò, kó sì fi kíkùn funfun sàmì sí i kó tó tú u, torí ọ̀pá yẹn ń ki bọ ara ẹ̀ ni, tó bá fi eyín kan ṣìnà nígbà tó ń dá a padà, croisillon iwájú àti tẹ̀yìn ẹ̀ ò ní kọjú sí ibì kan náà mọ́, ọ̀pá tí kò gbọ̀n rí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.