Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà: kí ni "owó lọ́wọ́" ń ṣe nínú òwe náà?

Ẹ bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan sọ lórí rédíò níbí ní Àkúrẹ́, pé òwe "Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké" ń kọ́ oníṣòwò pé kó máa fi irọ́ díẹ̀ lú ọjà rẹ̀, kó má baà jókòó ti igbá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Rárá o! Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Ta ló sọ fún un pé àwọn àgbà ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀ fọ́mọ?

Gbogbo èèyàn ló ń túmọ̀ "kùtà", wọ́n ní ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rà ni, ó tán. "Owó lọ́wọ́" ni wọ́n máa ń fò. Kí ló dé tí òwe náà kò fi sọ pé "èké là ń rà" lásán? Ẹni tí kò bá jókòó sọ́jà rí kò lè tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀wà àti gàárì ni ìyá mi tà ní Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Déjì, èmi ni mo sì ń bá a rẹrù. Ìdí kóńgò rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Obìnrin kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa tó ti lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọnú, tó fi jẹ́ pé bó ti kún tó lójú, ẹ̀wà inú rẹ̀ kò pé. Ó wá ń tà á ní ẹ̀dínwó díẹ̀ sí ti ìyá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èrò ń wọ́ lọ. Bí ẹnìkan bá sì bẹ̀ ẹ́ pé òun á san owó lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, á ní òun kì í tà láwìn, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá òun. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń tà láwìn. Àwọn tíṣà tí owó oṣù wọn kò tíì wọlé, àwọn ìyá olóúnjẹ, èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yá kò lè tà láwìn, tí àwa tí tiwa ń kùtà wá ń tà á. Ó ní, "Ẹni tó bá tún ẹ̀wà yẹn wọ̀n délé, ṣé á padà wá sanwó ni?"

Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ òwe yẹn wà, n kò sì ní yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Èké kò lè dúró de owó. Kí oníbàárà tó délé wọn ọjà rẹ̀ wò, èké gbọ́dọ̀ ti gba owó tirẹ̀. Òtítọ́ lè tà láwìn, torí bó ṣe rí lọ́jà náà ló máa rí nílé. Àṣírí èké ni òwe náà ń tú, kò yìn ín rárá. Àwa tí à ń rà á ló sì ń bá wí: "là ń ra" ló sọ, kò sọ pé "ni wọ́n ń ra".

Àwọn àgbẹ̀ Oǹdó mọ ohun tí mò ń wí. Kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, tí wọ́n wá sá sóòrùn títí omi inú rẹ̀ fi kù bí ìdá 7 nínú 100, ó lè wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí wọ́n kó wá ní tútù kó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n, wéré ló máa bu. Ẹni tó ń tà á kò ní gbà kó sùn mọ́jú lọ́dọ̀ òun. Owó lọ́wọ́ ló ń fẹ́. Nígbà tí ìjọba fagi lé Kòkó Bọ́ọ̀dù, àjọ tó ń bójú tó ríra kòkó, ní 1986, tí ẹnikẹ́ni tó lówó wá ń wọ oko lọ ra kòkó, àwọn tó ń rà á ní tútù pọ̀ sí i.

 

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlàjì òwe là ń kọ́ àwọn ọmọ wa báyìí. Wọ́n á ní "Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà," wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Ìlàjì kejì ni ì bá gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó lórí fóònù pé kéèyàn fi owó ránṣẹ́ kíákíá, á di ìlọ́po méjì lọ́la. Ṣé ẹ ti rí ọ̀kan nínú wọn tó gbà láti tà láwìn rí?

Ní ti "òótọ́" àti "òtítọ́" tí ẹ béèrè pé èwo ló tọ̀nà, ọ̀kan náà ni. "Òótọ́ dọ́jà" ni ìyá mi máa ń wí, á sì di ẹnu àpò ẹ̀wà tó kù, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn.