Ọmọ tó kọ 40006 kò nílò ìsọ̀yè

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní praimárì kẹrin. Bí wọ́n bá pe "four thousand and six" fún un, 40006 ló máa kọ. Mo ní kó da 1 dé 5,000 kọ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Ẹnì kan ní kí n ra àgbo ìsọ̀yè fún un. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, Màmá. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń fi ìdààmú òbí pawó. Kò sí ohun tí ọmọ lè mu tí yóò kọ́ ọ ní ipò nọ́ńbà, ìyẹn iye tí nọ́ńbà ń jẹ́ níbi tó bá dúró sí.

Ọpọlọ ọmọ yín pé. Ó gbọ́ "four thousand", ó kọ 4000. Ó gbọ́ "six", ó kọ 6 tẹ̀ lé e. Ohun tó gbọ́ ló kọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Dídà á kọ kò lè tún un ṣe. Ẹ wo ọmọ tó bá ń da nọ́ńbà kọ: tẹ̀yìn pátápátá nìkan ló ń yí, ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ó lè dé 5,000 láìbi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí 999 fi di 1000.

Èyí tó tún ń ba nǹkan jẹ́ ni ọ̀rọ̀ táwa àgbà ń sọ, pé òdo kò já mọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni! Nínú 4006, òdo méjì ló ń sọ fún wa pé kò sí ọgọ́rùn-ún kankan, kò sì sí ẹ̀wá kankan. Ẹ yọ wọ́n, ó ku 46. 4 tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ti di ogójì.

Ẹ gé páálí. Ẹ kọ 4000 sí èyí tó gùn, 6 sí kékeré kan tí kò ju ibi tí òdo kan gbà lọ. Ẹ jẹ́ kó gbé 6 lé òdo ìkẹyìn, 4006 ló máa rí. Kó ṣí i, kó tún gbé e lé e. Ẹ fi 300 àti 20 kún un lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó. ₦1000, ₦100 àti ₦10 nìkan ni kí ẹ lò, kí ìdérí ìgò dúró fún ₦1. Ẹ kó ₦5, ₦20, ₦50, ₦200 àti ₦500 kúrò níwájú rẹ̀, torí mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ipò ń gùn: ₦10 mẹ́wàá di ₦100, ₦100 mẹ́wàá di ₦1000. Bí kò bá sí owó nílé, ẹ fi bébà ya á.

Èmi kò rí ọmọ náà o. Bí kò bá lè ka ogún òkúta láìṣì í kà, tàbí tó ń fún ojú pọ̀ kó tó rí pátákó, ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò.

Ẹ má tíì gbé nọ́ńbà tó dé 10,000 fún un. Ó dìgbà tó bá kọ 3050, 7008 àti 2100 láìfọwọ́ kan páálí.